Ìwúre fún Ẹni Tó Ju Bọ́ọ̀lù Títí, Tó Wá Ń Kọ́ Ọmọ

Olódùmarè, Ìwọ tó so apá mọ́ èjìká, tó sì mọ ọjọ́ tí agbára apá yóò dín, a júbà. Òkìtìpupa la ti ń pè Ọ́. Àwọn ará Ìkòyà, Òde-Ayé, Ìlútitun, Ìjù-Odò àti Òde-Ìrèlè wà lẹ́yìn wa, gbogbo ọmọ Ìkálẹ̀ nílé lóko. Ìbà àwọn àgbà tó ti gbàdúrà lórí ilẹ̀ yìí kí a tó bí wa. Àwọn kan la tìtorí wọn kúnlẹ̀ lónìí: àwọn tó fi ìgbà ọ̀dọ́ wọn ju bọ́ọ̀lù kírikẹ́ẹ̀tì, tí ara wá sọ fún wọn pé ó tó, tí wọn kò sì kó ìmọ̀ wọn sápò lọ sílé. Wọ́n di kóòṣì. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń kọ́. Gbọ́ tiwọn lẹ́nu wa.

Bọ́là là ń pè wọ́n. Ẹ̀yin ará ilé wa tí ẹ kò tíì wo eré yìí rí, ẹ jẹ́ kí n fi wọ́n hàn yín, kí àmín yín lè mọ ẹni tó ń lọ bá. Igi mẹ́ta ló wà lóròó lẹ́yìn ẹni tó di bátì mú. Bọ́là á sáré bọ̀ láti òkèèrè, á gbé apá kọjá etí, á nà án gbọọrọ, nítorí òfin kò gbà kó ká ìgbọ̀nwọ́ kó sọ ọ́ bí ẹni sọ òkúta sí máńgòrò. Bọ́ọ̀lù náà á rin nǹkan bí ogún mítà, á balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á ta sókè, á máa lọ bá àwọn igi yẹn. Awọ ni wọ́n fi ṣe é, ó le gan-an, ojú rírán rẹ̀ sì yọ gọngọ yí i ká. Ojú rírán yẹn ni ìka bọ́là ń wá. Bó bá fi ìka méjì dì í mú lọ́nà kan, bọ́ọ̀lù á yà sọ́tùn-ún. Bó bá yí ọwọ́ díẹ̀, á yà sósì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni yóò jù ú kí ẹlòmíràn tó gbà á, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà yẹn ló ń jẹ́ ófà kan. Bí ẹni tó di bátì bá gbá a kọjá ààlà, òun ni gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún. Bọ́là á nu òógùn ojú, á rìn padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, á tún sáré bọ̀.

Nítorí náà, Olúwa, ara wọn la fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbàkígbà tí ẹsẹ̀ iwájú bọ́là bá balẹ̀, ìwúwo tó pọ̀ ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po ló ń gba orúnkún rẹ̀ lọ sí egungun ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni egungun ẹ̀yìn wọn ti sán nígbà tí wọn kò tíì pé ogún ọdún. Ẹ̀yìn tó ti ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún orílẹ̀-èdè, gbé e ró. Orúnkún tó ń ro wọ́n bí òjò bá ń bọ̀, tù ú. Èjìká tí wọn kò lè fi sùn mọ́ lóru, wò ó sàn. Kí wọ́n má fi ìwọ̀nba owó tí eré fún wọn ra oògùn ara ríro tán. Lójoojúmọ́ tí wọ́n bá jí, kí apá wọn ṣì lè gòkè tó láti fi han ọmọdé bí bọ́ọ̀lù ṣe ń kúrò lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí eléré ìdárayá bá bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, ilé máa ń dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Fóònù á dín. Àwọn tó ń gbé e ká á wá ẹlòmíràn gbé. Bàbá, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Má jẹ́ kí ọtí di alábàárò wọn. Má jẹ́ kí wọ́n rò pé ìgbà tí wọ́n wúlò ti kọjá. Jẹ́ kí ẹnì kan kanlẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá kọ́ àwọn ọmọ wa."

A mú orúkọ Makhaya Ntini wá síwájú Rẹ, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa. Wọ́n bí i ní 1977 ní Mdingi, abúlé kan ní ẹkùn Eastern Cape ní Gúúsù Áfíríkà. Màlúù ló ń dà. Kò ní bàtà, inú ìgbẹ́ màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ló sì máa ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ láàárọ̀ òtútù kí ẹsẹ̀ náà lè móoru. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Raymond Booi, òṣìṣẹ́ àjọ kírikẹ́ẹ̀tì agbègbè náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá ọmọ tó bá ní ẹ̀bùn kiri àwọn abúlé. Ó rí ọmọ adaran yìí níbi tó ti ń ju bọ́ọ̀lù tagbáratagbára láìwọ bàtà. Ó wá bàtà fún un, ó mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ eré náà, wọ́n sì rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Dale College. Ní 1998, ọmọ náà di aláwọ̀ dúdú Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣojú Gúúsù Áfíríkà nínú ìdíje Test, èyí tí wọ́n ń fi ọjọ́ márùn-ún gbá. Kó tó fi eré sílẹ̀, ó ti gba wíkẹ́ẹ̀tì 390, ìyẹn iye ìgbà tó lé ẹni tó di bátì kúrò lórí pápá, nínú Test 101. Ní 2003, ó gba 10 nínú ìdíje kan ní pápá Lord's ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ọmọ Gúúsù Áfíríkà kankan tó ṣe é rí níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní 2005, ó gba 13 ní Trinidad.

Olúwa, gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ lórí bàtà yẹn, mo gbà á. Ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ kó tó wo orúkọ bàbá rẹ̀, fi irú rẹ̀ fún wa ní Ìkálẹ̀. Kó wá sí ọjà Òkìtìpupa, kó rí ọmọkùnrin tó ń sọ ẹyìn sínú agbọ̀n láti òkèèrè tí kò tàsé. Kó gba oko ọ̀pẹ kọjá, kó dúró, kó béèrè ọmọ ta ni. Kó má jẹ́ ẹni tí yóò fi ìlérí mú ọmọ lọ tí ìyá kò ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Kó jẹ́ ẹni tí yóò wọlé tọ òbí lọ, tí yóò jókòó, tí yóò sọ ohun tó fẹ́ ṣe àti ibi tó ń mú ọmọ lọ.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn Ntini tó ń dùn mí títí dòní. Ní 2020, lẹ́yìn tó ti fi eré sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó jókòó níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n, ó sì tú ohun tó wà níkùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun dá wà nínú ẹgbẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn òun pé kí àwọn jọ lọ jẹun alẹ́. Bó bá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, iwájú ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ. Ló bá ń fún awakọ̀ ní báàgì rẹ̀ láàárọ̀, a sì fẹsẹ̀ sáré lọ sí pápá. Bí wọ́n bá parí, a tún sáré padà sí hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn ènìyàn rò pé ara líle ló ń wá. Ìdánìkanwà ló ń sá fún.

Ọba tí kì í fi ọmọ Rẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó ń jẹun láwọn nìkan nínú ẹgbẹ́ ńlá, jókòó tì wọ́n. Bí wọ́n bá wá di kóòṣì, má jẹ́ kí wọ́n fi ìyà tó jẹ wọ́n jẹ ẹlòmíràn. Kó jẹ́ pé àwọn gan-an ni yóò máa ka iye ọmọ tó wà nídìí àwo oúnjẹ, tí wọn yóò béèrè pé, "Ọmọ Ìrèlè yẹn dà? Ẹ pè é wá." Ọmọ tó wá láti abúlé tí èdè rẹ̀ yàtọ̀, kí ọkọ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti wọ̀.

Ní 2016, Zimbabwe gba Ntini láti máa kọ́ àwọn bọ́là wọn, nígbà tó sì yá nínú ọdún náà, wọ́n fi gbogbo ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀. India wá bá wọn gbá a ní Harare. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, nínú ìdíje ológún ófà, ó ku bọ́ọ̀lù mẹ́fà, rọ́ọ̀nù 8 péré, ìyẹn àmì ayò, sì ni India ń wá. M. S. Dhoni wà lórí pápá, ọkùnrin tí ayé mọ̀ pé ó máa ń parí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú oorun. Neville Madziva, bọ́là Zimbabwe, ló gba bọ́ọ̀lù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ro ti akọ́nimọ̀ọ́gbá. Wíkẹ́ẹ̀tì 390 wà ní apá rẹ̀, òfin kò sì jẹ́ kó ju ẹyọ kan. Ohun tó ti sọ ló ti sọ. Ohun tí kò sọ, ó ti pẹ́ jù. Madziva jù ú dé bọ́ọ̀lù ìkẹyìn, rọ́ọ̀nù 4 ni Dhoni ń wá nínú ẹyọ kan yẹn, ọ̀kan ló rí. Zimbabwe fi rọ́ọ̀nù 2 borí.

Bàbá, ibi tí akọ́nimọ̀ọ́gbá jókòó sí yẹn, ibẹ̀ gan-an la fẹ́ kí O wà. Fún wọn ní sùúrù ẹni tó mọ iṣẹ́ tí kò sì lè nawọ́ sí i. Bí ọmọ bá ṣi bọ́ọ̀lù jù, kí ìbínú má gbé wọn bú u lójú ayé. Bí ọmọ bá sì borí, kí wọ́n lè sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ògo náà wà lórí ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bá ọmọ sọ ní ìdákẹ́jẹ́ lọ́jọ́ Tuesday tí kò sẹ́ni tó ń wò, jẹ́ kí ọmọ rántí rẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù mẹ́fà bá kù. Ntini fi iṣẹ́ Zimbabwe sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018. Iṣẹ́ kóòṣì ò ní ìdánilójú. Wọ́n lè lé ènìyàn lóṣù tó tẹ̀ lé èyí tí wọ́n yìn ín. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn jẹ gbèsè nítorí owó oṣù tí aláṣẹ gbàgbé sínú fáìlì.

A sì ń bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tí wọn kò gbá a fún orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ottis Gibson, ọmọ Barbados, Test méjì péré ló gbá fún West Indies. Ẹni ọdún 38 ni nígbà tó fi ju bọ́ọ̀lù fún Durham ní Gẹ̀ẹ́sì ní 2007, tó sì gba gbogbo wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá ẹgbẹ́ Hampshire nínú ìgbà kan, tó ná an ní rọ́ọ̀nù 47. Lọ́dún yẹn kan náà ni England pè é pé kó wá máa kọ́ àwọn bọ́là wọn. Ní 2012, lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, West Indies gba ife àgbáyé ológún ófà ní Colombo. Ẹ̀yin tó ń yan kóòṣì ní Àbújá, ní Èkó, ní Àkúrẹ́, kí Ọlọ́run là yín lójú. Kí ẹ má fi iye ìgbà tí ènìyàn wọ aṣọ orílẹ̀-èdè díwọ̀n ohun tó lè fi kọ́ ọmọ yín.

Dá wọn sí lọ́wọ́ owó tó ń rùn, Olúwa. Heath Streak gba wíkẹ́ẹ̀tì 216 fún Zimbabwe nínú Test, kò sí ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tó gbà tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ayé rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí Ntini fi di ẹgbẹ́ náà mú. Ní 2021, àjọ kírikẹ́ẹ̀tì àgbáyé, ICC, fòfin dè é fún ọdún mẹ́jọ nítorí òfin tó lòdì sí ìwà ìbàjẹ́ tó gbà pé òun rú. Àìsàn mú un lọ ní 2023 ní ẹni ọdún 49. Ìwọ ni onídàájọ́, a ò bá Ọ du ìjókòó Rẹ. Tu àwọn tó fi sílẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀bùn dídán wá àṣírí ẹgbẹ́ lọ́wọ́ kóòṣì wa, kí ojú ọ̀nà dí mọ́ ọn. Kí kóòṣì rántí orúkọ bàbá rẹ̀ kó tó nawọ́.

A dúpẹ́ fún ti orílẹ̀-èdè wa. Láti 1904 ni Èkó àti Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, ti ń bá ara wọn gbá kírikẹ́ẹ̀tì, eré yìí ò ṣe àjèjì sí wa bí àwọn kan ṣe rò. Ní 2021, ní Èkó, Peter Aho fi rọ́ọ̀nù 5 péré gba wíkẹ́ẹ̀tì 6 lọ́wọ́ Sierra Leone, kò sì sí ọkùnrin kankan tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje ológún ófà láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè títí di ọjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 2025, àwọn ọmọbìnrin wa tí kò tíì ju ọdún 19 lọ pàdé New Zealand ní ìlú Kuching ní Malaysia. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ sí ife àgbáyé nìyẹn. Òjò gé eré kù sí ófà 13. Rọ́ọ̀nù 65 làwọn ọmọ wa kó jọ. Nígbà tó ku ófà kan, 9 ni New Zealand ń wá, Lillian Udeh sì gba bọ́ọ̀lù. Ọmọdébìnrin! Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló jù, 6 ni wọ́n rí, a fi 2 borí. Mo ń gbọ́ ìròyìn yẹn, omi ń bọ́ lójú mi. Gbogbo àwọn tó kọ́ ọwọ́ yẹn, láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ di bọ́ọ̀lù mú, títí dé olùkọ́ iléèwé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ nínú ìròyìn, Olúwa, san án fún wọn lójú ayé wọn.

Àwọn ọmọbìnrin Ìkálẹ̀ ń kọ́? Mo rí wọn nídìí púpurú. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, òun ni wọ́n ń bù lẹ́kúnwọ́ tí wọ́n ń mọ rogodo, tí ìka ń yí i títí yóò fi dọ́gba níbi gbogbo, kí wọ́n tó tò ó sórí àjà èéfín. Ìka tó mọ púpurú dọ́gba láìwò ó, ìka yẹn lè mọ ojú rírán bọ́ọ̀lù nínú òkùnkùn. Bàbá, rán ẹni tí yóò fi bọ́ọ̀lù sí wọn lọ́wọ́. Kí ẹni náà jẹ́ ẹni tí ìyá lè fi ọmọbìnrin rẹ̀ lé lọ́wọ́ tọkàntọkàn, tí ojú rẹ̀ mọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tí kì í pe ọmọ sí ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó bá fi orúkọ kóòṣì bojú láti ba ọmọ jẹ́, ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kò ní gbà á, àṣírí rẹ̀ á tú kó tó dé ibi tó ń lọ.

Òjò wa pọ̀, a mọ̀. Pápá á kún fún omi, koríko á ga dé orúnkún. Pèsè ilẹ̀ tí wọ́n lè fi kọnkéré tẹ́, gígùn rẹ̀ kò ju ogún mítà lọ púpọ̀, kí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e, bọ́ọ̀lù á sì máa ta níbẹ̀ lẹ́yìn òjò. Fi í sí ọkàn àwọn ọmọ Stella Maris tó ti rí já jẹ káàkiri ayé, àti ti Methodist High School, àti ti Manuwa Memorial ní Ìjù-Odò, pé kí wọ́n rántí pápá iléèwé wọn. Bọ́ọ̀lù awọ wọ́n, ìbọ̀wọ́ wọ́n, ohun tí ọmọ ń dè mọ́ ẹsẹ̀ kí bọ́ọ̀lù má baà fọ́ ọ légungun wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọwọ́ àwọn ọba wa àti àwọn olóyè ṣí. Kí àwọn ará ilé ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń gba àárín pápá kírikẹ́ẹ̀tì kọjá lọ́jọ́ Sátidé rántí ilé.

Kí kóòṣì tó bá wọkọ̀ láti Èkó tàbí láti Benin dé ìkóríta Ọ̀rẹ̀ máa yà sọ́dọ̀ wa, kí ọ̀nà má pa á lára, kí ó dé Òkìtìpupa kó bá yàrá tó mọ́ àti oúnjẹ gbígbóná. Kí ó má ti ọmọ léré ju agbára rẹ̀ lọ; kí ó mọ̀ pé egungun ọmọ ọdún 13 kò tíì gbó, kí ó ka bọ́ọ̀lù tí ọmọ ń jù, kí ó sọ fún un nígbà tó bá tó. Kí ó rí ọmọ kan nínú àwọn ọmọ wa. Kí ọmọ náà gbọ́ràn sí i lẹ́nu, kí ó ka ìwé rẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí ọmọ Ìkálẹ̀ náà bá kọ́kọ́ gba wíkẹ́ẹ̀tì fún Nàìjíríà, kí kóòṣì rẹ̀ wà láàyè, kí ojú rẹ̀ ṣì ríran, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì gbé e dé pápá, kí wọ́n sì fún un ní àga níwájú. Àmín. Àṣẹ Èdùmàrè.